Níbo Lẹ Gbé Àlàbí Sí?

Ẹ̀yin ònkàwé mi, ẹ̀rọ kan wà nínú yàrá mi tí àwọn tó bá wá kí mi máa ń rò pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka owó ní báńkì ni. Ó fẹ̀ tó tírèé tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò, bọ́tìnnì kún ara rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó sì ní ọ̀pá kéékèèké mẹ́jọ tí à ń fi ìka tì sókè tì sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí èyí tí àwa oníṣẹ́ ìròyìn máa ń nà sí àwọn òṣèlú lẹ́nu. Orin ni wọ́n ṣe èyí fún. Tíráàkì mẹ́jọ ló ní, ìyẹn ni pé ohùn mẹ́jọ lè wà nínú rẹ̀ kí ìkankan má fara kan ìkejì: gìtá lọ́tọ̀, ìlù lọ́tọ̀, akọrin lọ́tọ̀, ká wá pa gbogbo wọn pọ̀ nígbẹ̀yìn bí ìgbà tí ènìyàn ń se ọbẹ̀. Inú hard disk, irú èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Kò lo tẹ́ẹ̀pù rárá.

Àlòkù ni mo rà á ní Ìkẹjà lọ́dún 2011. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí wọ́n bá rí i a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, fóònù yín ń ṣe gbogbo èyí o." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Fóònù ń ṣe é, kọ̀ǹpútà alágbèéká ń ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú ẹ̀rọ yìí tí wọ́n sì ń tà lóde òní, káàdì pẹlẹbẹ tí kò ju èékánná lọ ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò dípò hard disk. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tèmi kò mọ ohun tó ń jẹ́ WhatsApp. Bí mo bá jókòó tì í, kò sẹ́ni tí yóò fi àwòrán ìkómọjáde ránṣẹ́ sí mi láàárín orin. Èyí nìkan tó owó tí mo fi rà á.

Kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ tó lè yé yín, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Lọ́dún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, kọ orin Yorùbá sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà náà, wọn kò tíì máa fi maikirofóònù gba orin sínú àwo. Ìwo ńlá kan ni akọrin máa ń dojú kọ. Ohùn rẹ̀ á gba inú ìwo náà wọlé, á mi abẹ́rẹ́ tí ń họ ìlà sára ìda. Kò sí àtúnṣe kankan. Bí ẹnìkan bá wúkọ́, ikọ́ náà ti di ti ayérayé nìyẹn, àfi kí wọ́n pa ìda náà tì, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ yẹn gan-an ni yóò wà nínú àwo.

Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Les Paul, onígìtá paraku, wà lára àwọn tó yí gbogbo èyí padà. Lọ́dún 1948 ó gbé orin kan jáde tó jẹ́ pé òun nìkan ló ta gbogbo gìtá tó wà nínú rẹ̀: á ta ìkínní sínú àwo, á jẹ́ kí ó máa dún, á wá ta ìkejì lé e lórí, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1957 ilé iṣẹ́ Ampex kọ́ ẹ̀rọ gàgàrà kan fún un tó ní tíráàkì mẹ́jọ lórí tẹ́ẹ̀pù kan ṣoṣo. Ó di 1979 kí ilé iṣẹ́ TEAC ní Jàpáànù tó gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde, Portastudio, tó ń fi kásẹ́ẹ̀tì lásán gba tíráàkì mẹ́rin. Òun ni Bruce Springsteen gbé sínú yàrá ilé rẹ̀ tó fi gba àwo Nebraska sílẹ̀, èyí tó jáde lọ́dún 1982. Nígbà tó di 1996, Roland gbé VS-880 jáde, tíráàkì mẹ́jọ nínú àpótí kan tí ènìyàn lè há sí abíyá, hard disk nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹni tí kò lówó sitúdíò ti lè sọ pálọ̀ rẹ̀ di sitúdíò.

Àwa náà ṣe tiwa o. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, rẹ́kọ́dà kásẹ́ẹ̀tì méjì la máa ń yá. A ó ta gìtá sínú ọ̀kan, a ó jẹ́ kí ó máa dún, a ó sì máa kọrin tẹ̀lé e kí èkejì lè gba méjèèjì pọ̀. Tó bá fi di ìgbà kẹta tí a ṣe bẹ́ẹ̀, ariwo ṣíì inú kásẹ́ẹ̀tì á ti bo gìtá mọ́lẹ̀ bí òjò orí páànù.

Ẹ̀rọ hard disk kò ní ariwo yẹn, nítorí pé kì í ya àwòrán ohùn, ṣe ló ń kọ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń kọ ìṣirò. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejì-lé-lógún ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjì ó lé ọgọ́rùn-ún, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ ní nọ́ńbà kó má baà rú yín lójú, ìgbà 44,100 ló ń wọn ohùn náà, tí ó sì ń kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá da ìwé ìṣirò kọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, 7 á ṣì jẹ́ 7. Ṣùgbọ́n ìwé náà nípọn. Ohùn kan fún ìṣẹ́jú kan máa ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 5.3, bí tíráàkì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá ń ṣiṣẹ́, ó di 42. Hard disk tó gba gígábáìtì kan á kún láàárín ìṣẹ́jú 23.

Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù lọ nípa rẹ̀ nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn. Ní ayé tẹ́ẹ̀pù, bí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, abẹ ni wọ́n máa ń mú, wọ́n á gé tẹ́ẹ̀pù, wọ́n á sì fi nǹkan lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ̀rọ tèmi kì í gé nǹkan kan ní tòótọ́. Bí mo bá ní kó yọ ibì kan, ṣe ló kàn ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Tí o bá dé ibí, fò lọ sí ọ̀hún." Ohùn náà ṣì wà níbẹ̀ lódindi, à kàn ń fò ó ni. Ó di ìgbà tí mo bá tẹ bọ́tìnnì pé kó gbálẹ̀ kí ó tó dà á nù.

Lọ́dún 2023, bàbá wa pé ogún ọdún tó ti kú, ẹ̀gbọ́n mi àgbà sì ní a ó ṣe ìrántí. Ó ní òun fẹ́ kí Ìyá Ọ̀yọ́ ki oríkì ilé wa sínú ẹ̀rọ, kí a lè pín in fún àwọn ọmọ àti àwọn tó wà lókè òkun. Àbúrò bàbá wa obìnrin ni Ìyá Ọ̀yọ́. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, òun nìkan ló sì kù nínú ẹbí tó mọ oríkì náà dópin. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ẹ̀gbọ́n ló sanwó ọkọ̀ rẹ̀ wá sí Ìbàdàn, òun náà ló bẹ onílù mẹ́ta lọ́wẹ̀: Bàbá Àyàn tó ń lu ìyáàlù, àti ọmọ rẹ̀ méjì, ọ̀kan ní kẹríkẹrì, ọ̀kan ní gúdúgúdú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ní sitúdíò ní kí a gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ àwọn nìyẹn. Ẹ̀rọ náà ní nǹkan kan tó máa ń dún kọ́-kọ́-kọ́ sí ènìyàn létí kó má baà sáré tàbí kó falẹ̀. Onígúdúgúdú ló kọ́kọ́ wọlé. Ó lù ú dáadáa, ó parí, ó bọ́ hẹ́ẹ̀dífóònù, ó bèèrè pé, "Ṣé ó ti tán nìyẹn?" Ó kan Bàbá Àyàn. Ó lù ú fún bí ìṣẹ́jú kan, ó dáwọ́ dúró, ó yọ nǹkan náà kúrò létí. "Ọmọ mi," ó ní, "ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?" Mo ní kí wọ́n máa wò ó bíi pé Ìyá ń ki oríkì. Ó wò mí títí. "Kí ni ìyá náà wá sọ tí mo fẹ́ fèsì sí?"

Ti Ìyá Ọ̀yọ́ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ti fi fóòmù ibùsùn ti ògiri kí ohùn má baà máa ta padà, a sì ní kí wọ́n dojú kọ ọ́. Wọ́n fọhùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dákẹ́. "Ojú ta ni mo ń wò?" Ẹ̀yin tí ẹ ti wà níbi tí wọ́n ti ń ki ènìyàn rí mọ ohun tí mo ń sọ. Bí orí ẹni tí wọ́n ń kì bá wú, onítọ̀hún á lọ sí ilé ìyá rẹ̀. Bó bá tọwọ́ bọ àpò, á gbé e dé ọ̀dọ̀ bàbá ńlá rẹ̀. Fóòmù kò lórí tó lè wú.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹn dára fún onígìtá tó ń dá nìkan ṣe tirẹ̀ lóru, èmi náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìlù dùndún àti oríkì, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni. Tíráàkì mélòó kan wà nínú ẹ̀rọ, kò wá ní ká fi ènìyàn sí àhámọ́. Lọ́jọ́ kejì a kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí pálọ̀, a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní maikirofóònù tirẹ̀, máìkì kọ̀ọ̀kan sì ní tíráàkì tirẹ̀. A gbé àga fún Ẹ̀gbọ́n síwájú Ìyá. A pa fáànù, a pa fíríìjì. Ẹ̀rọ ínfátà la fi gbé iná, nítorí hard disk a máa yí bí òkòtó, bí iná bá lọ níbi tó ti ń kọ̀wé, ó lè gbé gbogbo ohun tó kọ lọ. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí kò ro tiwa mọ́ ọn. Òógùn bò wá. Ìṣẹ́jú 31 ni wọ́n fi ṣe é láìdúró, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé n kò tíì gba ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí.

Nǹkan bí ìṣẹ́jú ogún sí i ni Ìyá Ọ̀yọ́ ti ki Ẹ̀gbọ́n tán, "Àjàní" tibí, "Àjàní" tọ̀hún, ni wọ́n bá rọ ohùn sílẹ̀, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki Àlàbí. Kò sí Àlàbí nílé. Òun ló tẹ̀lé Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, láti ọdún 2009 tí wọ́n ti ta ilẹ̀ bàbá wa ní Mọ́níyà ni wọn kò sì ti jọ mu omi nínú ife kan náà. Bàbá Àyàn kò mọ ìjà kankan. Ó gbọ́ Àlàbí, ó sì fi ìlù pe Àlàbí. Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò já lu àgbà lẹ́nu oríkì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n pè mí. "Àyìndé, ibi tí wọ́n ti pe ọmọkùnrin yẹn, yọ ọ́." Mo ní, "Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n." Àwọn ló nawó sí i, àwọn sì ni olórí ilé. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń bá mi yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú ohun tí mo kọ ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, gígé kò já mọ́ tuntun létí mi.

Mo kọ́kọ́ pa tíráàkì Ìyá nìkan mọ́ ní ibẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 40 péré. Ohùn wọn lọ, ìlù kù. Ṣùgbọ́n ìlù náà ṣì ń pe orúkọ. Mo gbé e fún Ẹ̀gbọ́n gbọ́. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Àyìndé, ta ló sọ pé Àlàbí ló ń pè? Àjàní ni!" Ẹ sì wò ó, ẹ̀yin èèyàn mi: dò-dò-mí ni Àlàbí, dò-dò-mí náà ni Àjàní. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì. Bí ẹnu kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá wù ẹ́ ló ń pè. Ẹ̀gbọ́n ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé wọ́n tún wá ki òun lẹ́ẹ̀mejì.

N kò lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fi hẹ́ẹ̀dífóònù bo etí lóru, mo gbọ́ Ìyá Ọ̀yọ́. Wọn kò sí nínú tíráàkì tiwọn mọ́, ṣùgbọ́n inú yàrá kan náà ni gbogbo wọn jọ wà. Máìkì tí mo gbé síwájú ìyáàlù ti gbọ́ wọn láti ọ̀ọ́kán. Ti kẹríkẹrì gbọ́ wọn. Ti gúdúgúdú náà gbọ́ wọn. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé ni ohùn náà rí, tín-ín-rín, ó ń pe Àlàbí lábẹ́ ìlù. Jíjò ni àwọn onísitúdíò ń pè é, wọn kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ya ènìyàn sọ́tọ̀. Ká ní a ti gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ni, ìtẹ̀ka ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Àlàbí ì bá fi lọ, kò sì sí etí tí ì bá mọ̀.

Ohun tó kù ni kí n gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin papọ̀, kí n fa ìparí mọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Òru méjì ló gbà mí. Mo wá ibi tí gúdúgúdú ti ń pada sí orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáájú orúkọ náà, mo wá irú rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo so wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Mo gbé e fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ṣẹ́ sitúdíò yẹn, mo ní kó sọ ibi tí mo ti gé e. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò rí i. Orin méjì ló wá wà nínú ẹ̀rọ, odindi kan àti àgékù kan, tí wọ́n jọ ń jẹ nínú abọ́ kan náà.

Ọjọ́ tí mo gbé àgékù náà lọ sí Ọ̀yọ́ fún Ìyá, orí ẹní ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń fi orí jó. Bó ṣe kọjá ibẹ̀ báyìí, kò tíì kọjá dáadáa, wọ́n gbójú sókè.

"Níbo lẹ gbé Àlàbí sí?"

Mo ní, "Ìyá, Ẹ̀gbọ́n ló ní…"

"Mo gbọ́." Wọn kò bèèrè nǹkan míì. Wọ́n ní kí n gbé omi fún àwọn.

Lọ́jọ́ ìrántí, abẹ́ àgọ́ kún. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ agbóhùnsókè fi oríkì náà sí i lẹ́yìn àdúrà, inú gbogbo ènìyàn dùn, àwọn kan ń fi fóònù gbà á láti inú gbohùngbohùn. Nígbà tó ku díẹ̀ kó dé ibi tí mo so pọ̀, Ìyá Ọ̀yọ́ dìde, wọ́n di ọ̀pá wọn mú, wọ́n sọ fún ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ pé, "Dá a dúró ná." Ó dá a dúró. Wọn kò gba maikirofóònù. Wọ́n kọjú sí títì, wọ́n ki Àlàbí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó tilẹ̀ gùn ju ti inú ẹ̀rọ lọ, nítorí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ tí púpọ̀ nínú wa kò rí rí. Bàbá Àyàn tó ń jẹ iyán lọ́wọ́ nu ọwọ́ rẹ̀, ó fa ìlù mọ́ra. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ pé Àjàní ló ń pè. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Ẹ máa bá tiyín lọ."

Ẹ̀gbọ́n kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń fi ìka yí ife omi wọn po lórí tábìlì, ó pẹ́ díẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí wọ́n tó pè mí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó àgọ́ ni. Wọ́n ní, "Àyìndé, èyí tí o kò gé yẹn, ṣé o ti pa á rẹ́?"

Mo ní, "Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Ó wà níbẹ̀. N kò tíì ní kó gbálẹ̀."

"Gbé e sínú fláàṣì fún mi." Wọ́n dákẹ́. Mo ti fẹ́ pa fóònù. "Méjì ni kí o ṣe."

Mo ṣe méjì.